Ẹ Fi Ọmọ tó ń Gbọ́ Orin Kòríà Sílẹ̀: Àpótí Tiwa ló Ṣófo

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá, bàbá kan tí mo bọ̀wọ̀ fún gidigidi wá kí mi nílé mi ní Bódìjà. Ọ̀rẹ́ bàbá mi ni wọ́n. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, Àgbọ́wọ́ ni wọ́n sì ń gbé. Bí wọ́n ti ń mu omi lọ́wọ́, ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ń fọ abọ́ ní ilé ìdáná, ó sì gbé fóònù rẹ̀ sójú fèrèsé. Orin tó ń jáde láti inú fóònù náà kò le, kò sì pariwo: ìlù fẹ́ẹ́rẹ́, dùùrù oníná bíi ti àwọn ọdún 1980, àti ohùn àwọn ọmọbìnrin tó ń kọrin bí ẹni ń sọ àṣírí fún ọ̀rẹ́. Bàbá tẹ́tí sílẹ̀ díẹ̀. Wọ́n bi mí pé èdè wo nìyẹn. Mo ní èdè Kòríà ni.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ọ̀rọ̀ tó tẹ̀lé e gba nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú. Bàbá ní àwọn ọmọ ìwòyí ti sọnù. Wọ́n ní ẹni tó ń kọ orin tí kò gbọ́ èdè rẹ̀ kò yàtọ̀ sí odídẹrẹ́. Wọ́n ní orin wa wà nílẹ̀ rẹpẹtẹ, àwọn ọmọ ló kọ̀yìn sí i, àti pé àwa òbí ló yẹ kí a nà ní pàṣán nítorí pé àwa la ra fóònù. Ọmọ náà jáde wá, ó kúnlẹ̀, ó ní, “Ẹ má bínú, Bàbá,” ó sì pa orin náà. Èmi kò fèsì, nítorí n kò fẹ́ bá àgbà jiyàn lójú ọmọ. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́rìndínlógún tí mo fi ṣiṣẹ́ ìwé ìròyìn kò kọ́ mi bí a ti ń gbé ọ̀rọ̀ mì. Mo ti tẹ Bàbá láago, mo ti sọ fún wọn pé èsì mi ń bọ̀ lójú ìwé yìí. Wọ́n ní kí n kọ ọ́, àwọn yóò kà á.

Èsì mi kò gùn: ọmọ náà kò ṣẹ̀. Àwa la ṣẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó rọrùn jù, ìyẹn ọ̀rọ̀ èdè. Ta ló gbọ́ èdè Íńdíà nínú àwọn òbí wa nígbà tí wọ́n ń rọ́ lọ sí àwọn ilé sinimá ìlú yìí? Síbẹ̀ wọ́n mọ àwọn orin inú fíìmù Íńdíà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wọ́n sì ń sunkún níbi tó yẹ kí wọ́n ti sunkún. Orin àwọn ará Kóńgò ńkọ́? Ìlú Ìbàdàn jó o títí bàtà fi jẹ, kò sì sí ẹni tó béèrè ìtumọ̀ rẹ̀. Jim Reeves ará Amẹ́ríkà, tó kú nínú ìjàm̀bá ọkọ̀ òfurufú ní 1964, mélòó ni ilé tí àwo rẹ̀ kò dé ní ilẹ̀ Yorùbá? (Bàbá fúnra wọn, bí inú wọn bá dùn, Jim Reeves ni wọ́n máa ń kọ. Mo ti gbọ́ ọ rí létí ara mi. Mélòó nínú ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ni wọ́n ń pè bó ṣe yẹ, èmi kọ́ ni n ó sọ ọ́.)

Orin tí à ń pè ní tiwa pàápàá, arìnrìn-àjò ni. Láti Gánà ni E.T. Mensah ti kó ẹgbẹ́ Tempos rẹ̀ wá sí Nàìjíríà ní àwọn ọdún 1950, tí àwọn akọrin wa gbọ́ háíláìfù rẹ̀, tí wọ́n sì yí i sí tiwọn. Eddie Okonta, tí kì í ṣe ọmọ Yorùbá, ló ń fọn fèrè rẹ̀ ní Paradise Club ní Ìbàdàn níbí, tí ẹsẹ̀ kì í gbèrò. I.K. Dáíró gbé dùùrù àfọwọ́fà wọ inú jùjú. King Sunny Adé mú gìtá alásùnsílẹ̀ tí àwọn ará Amẹ́ríkà fi ń kọ orin oko wọn, ó tò ó mọ́ gángan, nígbà tí àwo rẹ̀ tó ń jẹ́ Juju Music sì jáde ní 1982, gbogbo ayé pàtẹ́wọ́. A kò pe Sunny Adé ní ẹni tó sọnù. A pè é ní ọba.

Ohun kan náà gan-an ni àwọn ará Kòríà ṣe, ibẹ̀ sì ni mo fẹ́ kí Bàbá bá mi tẹ̀ sí díẹ̀. Ogun wọn dáwọ́ dúró ní 1953, ó sì fi ilẹ̀ náà sílẹ̀ bí oko tí iná jó. Àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà dó síbẹ̀, inú àgọ́ wọn sì ni ọ̀pọ̀ akọrin Kòríà ti ń rí oúnjẹ òòjọ́: ẹni tó bá mọ orin Amẹ́ríkà kọ ni wọ́n ń sanwó fún. Àwọn obìnrin mẹ́ta kan tí wọ́n ń jẹ́ Kim Sisters há orin Gẹ̀ẹ́sì sórí láìgbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì, bíi ti odídẹrẹ́ tí Bàbá wí, odídẹrẹ́ náà sì gbé wọn dé Las Vegas ní 1959. Shin Joong-hyun, tí wọ́n ń pè ní baba orin rọ́ọ̀kì wọn, inú àgọ́ àwọn sójà yìí kan náà ló ti ta gìtá dàgbà. Ní 1975, ìjọba Park Chung-hee, ọ̀gágun tó fipá gba ìjọba, fòfin de àwọn orin rẹ̀, wọ́n sì tì í mọ́lé. Ilẹ̀ tí wọ́n ti ń ti akọrin mọ́lé ni orin tó ń dún lójú fèrèsé mi yìí ti wá.

Nígbà tí ara rọ̀ wọ́n, wọ́n kò sá fún orin àtijọ́. Wọ́n padà lọ gbé e. Ní 2007, ẹgbẹ́ Wonder Girls gbé orin Tell Me lé orí ìlù orin Amẹ́ríkà kan tó ti jáde láti 1986. Ní ọdún tó tẹ̀lé e, wọ́n wọ aṣọ bíi ti àwọn akọrinbìnrin dúdú Amẹ́ríkà ìgbà 1960, wọ́n kọ Nobody. Ní 2009, orin náà wọ inú àkójọ ọgọ́rùn-ún orin tí Billboard ń tò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, orin ará Kòríà àkọ́kọ́ tí yóò dé ibẹ̀. T-ara kọ Roly-Poly ní 2011 bí ẹni ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti ilé ijó dísíkò jáde. Yubin, ọ̀kan nínú àwọn Wonder Girls náà, kọ Lady ní 2018 ní ìlànà orin ìgbádùn ìlú ńlá tí àwọn ará Jàpáànì ń kọ ní nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn. Dísíkò ni BTS fi dé ipò kìíní ní Amẹ́ríkà ní 2020 pẹ̀lú Dynamite. Àwọn NewJeans, ọmọbìnrin márùn-ún tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Keje 2022, ni ọmọ mi fẹ́ràn jù. Nínú fídíò orin wọn tó ń jẹ́ Ditto, kámẹ́rà àtijọ́, irú èyí tí wọ́n fi ń ká ìgbéyàwó nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ni wọ́n gbé dání. Àwọn ará Kòríà tilẹ̀ ti fún àṣà yìí lórúkọ: Newtro ni wọ́n ń pè é, tuntun àti àtijọ́ tí wọ́n dà pọ̀ sínú ọ̀rọ̀ kan.

Kí ló dé tó fi wọ àwọn ọmọ Bódìjà àti Ring Road lára? Ẹni tó bá ń gbé Ìbàdàn kò yẹ kó béèrè. Ẹ dúró ní ìkòríta Challenge ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Fèrè ọkọ̀ Micra, ariwo àwọn èrò tó ń wá ọkọ̀, gbohùngbohùn oníwàásù lápá ọ̀tún, gbohùngbohùn olóògùn jẹ̀díjẹ̀dí lápá òsì. Ẹ wọlé, àwọn oníná á mú iná lọ, jẹnẹrétọ̀ ilé mẹ́rin á sì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn. Inú ariwo yìí ni a bí àwọn ọmọ yìí sí. Nígbà náà ni orin kan á wá dé tí kò pé ìṣẹ́jú mẹ́ta, bíi Super Shy tó jáde ní 2023, tí kò pariwo mọ́ni, tí kò bú ẹnikẹ́ni, tí kò ka iye owó tó wà nílé ìfowópamọ́ síni létí, tó kàn fẹ́ sí ojú ẹni bí atẹ́gùn ojú fèrèsé. Mo bi ọmọ mi léèrè lálẹ́ ọjọ́ náà pé kí ló rí nínú rẹ̀. Ó ronú díẹ̀, ó ní, “Dádì, ó dà bí ìgbà tí ayé ò tíì máa sáré báyìí.”

Ó ń ṣàárò ìgbà tí wọn kò tíì bí i. Àárò náà ló gbé mi dìde, nítorí pé èmi gbé ayé ìgbà náà, mo sì mọ orin tó ń dún nínú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní kásẹ́ẹ̀tì tó kún àpótí bàtà mẹ́ta. Dizzy K. Fálọlá wà níbẹ̀, pẹ̀lú Baby Kilode tó kọ ní 1982. Christy Essien-Igbokwe wà níbẹ̀, obìnrin tí kì í ṣe ọmọ Yorùbá tó fi Ṣeun Rere kọ́ gbogbo ọmọ Yorùbá ní ẹ̀kọ́ ilé ní 1981. Chris Okotie wà níbẹ̀, nígbà tí kò tíì di ẹni Ọlọ́run. Ìlù fẹ́ẹ́rẹ́, dùùrù oníná, ohùn tí kò lágídí. Bí a bá yọ èdè kúrò, mo fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìyàtọ̀ wọn hàn mí sí èyí tó ń ti Seoul wá lónìí.

Kí Dizzy K. tó dé pàápàá, Ìbàdàn ti ní tirẹ̀. Táíwò àti Kẹ́hìndé Líjàdù, ìbejì tí wọ́n bí ní Jos ní 1948 tí wọ́n sì dàgbà ní Ìbàdàn yìí, ti ń fi ohùn méjì tó dà bí ẹyọ kan kọrin ní àkókò tí àwọn ọkùnrin rò pé iṣẹ́ obìnrin nínú orin kò ju ègbè lọ. Ní 1972, wọ́n bá Ginger Baker lọ sí Munich ní Jámánì lásìkò ìdíje Òlíńpíìkì. Láàárín 1976 sí 1979, wọ́n ṣe àwo mẹ́rin: Danger, Mother Africa, Sunshine àti Horizon Unlimited. Mo fi wọ́n han ọmọ mi. Ó gbọ́ àkọ́kọ́, ó gbọ́ èkejì, ó jókòó sílẹ̀. Ìbéèrè tó bi mí kò tíì jẹ́ kí n sùn dáadáa: “Dádì, kí ló dé tí ẹ ò jẹ́ kí n gbọ́ ọ látọjọ́ yìí?”

Bàbá, ẹ̀yin lẹ ní orin wa wà nílẹ̀ rẹpẹtẹ. Ilẹ̀ wo? Ilé iṣẹ́ Knitting Factory ní New York ló tún àwo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àwọn ìbejì Líjàdù tẹ̀ láàárín 2011 sí 2012, àwọn tí mo fi han ọmọ mi nìyẹn. Ilé iṣẹ́ Soundway ní Ìlú Ọba ló ṣa orin Nàìjíríà ìgbà 1970 sí 1976 jọ sínú Nigeria Special ní 2008. Àwọn náà ló ṣa orin dísíkò wa ti àwọn ọdún 1980 jọ ní 2016, tí wọ́n pè é ní Doing It in Lagos. Steve Monite kọ Only You ní Nàìjíríà ní 1984, a gbàgbé rẹ̀ pátápátá, títí Frank Ocean ará Amẹ́ríkà fi kọ ọ́ lórí pèpéle ní 2017. Ọmọ Ìbàdàn tó bá fẹ́ gbọ́ orin Ìbàdàn lónìí, New York àti London ni yóò gbà kọjá kó tó padà dé Bódìjà. Ọ̀nà Seoul kò sì jìn ju ìyẹn lọ.

N kò wẹ ara mi mọ́. Ní 2005, nígbà tí à ń kó ẹrù ìyá mi kúrò nínú ilé tí wọ́n gbé ní Challenge, àpótí àwo orin kan wà lábẹ́ ibùsùn. Ọkùnrin kan ń káàkiri àdúgbò nígbà náà, ó ń ra àwo àtijọ́, wọ́n ní àwọn òyìnbó ló ń tà á fún. Ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà ló san fún odidi àpótí náà. Èmi ni mo gba owó náà, èmi tó jẹ́ pé ojú ewé àṣà àti orin ni mò ń kọ nínú ìwé ìròyìn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Mo rántí pé inú mi dùn pé ilé gbòòrò. Danger wà nínú àpótí náà. Mo mọ̀, nítorí mo fi àtẹ́lẹwọ́ nu eruku ojú rẹ̀ kí n tó gbé e fún un.

Lẹ́yìn ìgbà náà, mo lọ sí ilé iṣẹ́ rédíò kan tí n kò ní dárúkọ, mo ń wá ohùn akọrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, kí n lè fi kọ ìròyìn ikú rẹ̀. Ẹni tó ń tọ́jú ibi ìkópamọ́ wọn ṣílẹ̀kùn fún mi, ó fi téèpù hàn mí lórí pákó. Orúkọ akọrin náà wà lára páálí. Nígbà tí a gbé téèpù sórí ẹ̀rọ, ìpolówó ọṣẹ ló wà nínú rẹ̀. Owó téèpù tuntun kò sí, nítorí náà wọ́n ti ká ìpolówó lé akọrin lórí. Ọkùnrin náà kò tilẹ̀ rò pé ó yẹ kí ó tọrọ àforíjì. Ìlú wo sì ni èyí? Ìlú tí tẹlifíṣọ̀n àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ adúláwọ̀ Áfíríkà ti bẹ̀rẹ̀, ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá 1959.

Ẹ wo ohun tí àwọn ará Kòríà ṣe ní tiwọn. Ní 1999 wọ́n ṣe òfin tó sọ iṣẹ́ àṣà di iṣẹ́ tí ìjọba gbọ́dọ̀ tì lẹ́yìn. Ní 2009 wọ́n dá àjọ sílẹ̀ fún un. Láti 2011 ni tẹlifíṣọ̀n ìjọba wọn, KBS, ti ní ètò kan tó ń jẹ́ Immortal Songs, níbi tí akọrin àgbà ti ń jókòó tí àwọn ọmọdé akọrin sì ń tún orin rẹ̀ kọ lójú rẹ̀. Ní 2014, IU, ọ̀dọ́mọbìnrin tó gbajúmọ̀ jù nígbà náà, fi odidi àwo kan tún orin àwọn àgbà kọ. Ọdún tó tẹ̀lé e ni eré Reply 1988 jáde, tí orin àtijọ́ sì gba ẹnu ọmọdé. Wọn kò na ẹnikẹ́ni ní pàṣán. Wọ́n gbé oúnjẹ síwájú ọmọ, ọmọ sì jẹun.

Mo mọ èsì tí àwọn kan yóò fún mi, pé Afrobeats ti gba ayé. Bẹ́ẹ̀ ni, inú mi sì dùn. Adékúnlé Gold bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú orin tó ní òórùn jùjú àti háíláìfù lára, àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò tí wọ́n ń pè ní The Cavemen sì fi háíláìfù pọ́nńbélé ṣe àwo Roots ní 2020. Àwọn ọ̀dọ́ gbọ́ wọn, wọ́n sì fẹ́ wọn. Ìyẹn gan-an ló fi hàn pé ebi rẹ̀ ń pa wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni méjì mẹ́ta tó dá oko wọn ṣe kò lè rọ́pò abà tí ìlú jó níná.

N kò sì ní kí a sọ Kòríà di ọ̀run. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe àwọn orin yẹn le bí irin, láti kékeré ni wọ́n ti ń fi àdéhùn de ọmọ lọ́wọ́ àti lẹ́sẹ̀. Àwọn NewJeans fúnra wọn kéde ní oṣù Kọkànlá 2024 pé àwọn ti fi ilé iṣẹ́ àwọn sílẹ̀. Ilé ẹjọ́ ní wọn kò lè fi í sílẹ̀. Ẹni tó bá rántí ẹjọ́ Sunny Adé àti African Songs ní àwọn ọdún 1970 kò ní fi ìyẹn yangàn sí wọn.

Ibì kan ṣoṣo wà tí mo ti gbà fún Bàbá, ibẹ̀ sì dùn mí. Ọmọ mi ti kọ́ lẹ́tà èdè Kòríà, ó ń kọ orúkọ rẹ̀ ní lẹ́tà náà sára ìwé rẹ̀. Mo ní kí ó kọ orúkọ náà ní Yorùbá, kí ó fi àmì sí i. Kò mọ̀ ọ́n. Mo fẹ́ bínú, mo sì rántí pé ilé ìwé tí mò ń sanwó gọbọi fún ti gba owó ìtanràn lọ́wọ́ rẹ̀ rí nítorí pé ó sọ Yorùbá ní kíláàsì. Mo san owó ìtanràn náà. N kò kọ lẹ́tà ìfẹ̀hónúhàn kankan, èmi tí mo ń jẹun lórí lẹ́tà kíkọ. Ta wá ni a fẹ́ nà?

Nítorí náà, kí àwọn àgbà tó tún gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ, ohun tí mo fẹ́ gbọ́ lẹ́nu wọn ni iye àwo tó wà lábẹ́ ibùsùn wọn. Kí Ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ tó tún ná owó lórí ayẹyẹ àṣà ọlọ́jọ́ kan, kí wọ́n wá ilé kan, ní Dùgbẹ̀ tàbí níbikíbi tí omi kò lè dé, nítorí a kò gbàgbé omíyalé Ògùnpa ti 1980, kí wọ́n fi ẹ̀rọ sí i, kí wọ́n pe àwọn olùkọ́ orin Yunifásítì wa, kí wọ́n ká gbogbo àwo tó bá ṣẹ́ kù ní ìlú yìí sórí kọ̀ǹpútà, kí wọ́n sì san ẹ̀tọ́ fún àwọn tó kọ ọ́ tàbí àwọn ọmọ wọn. Owó ọkọ̀ bọ̀gìnnì díẹ̀ ni yóò gbà. Kẹ́hìndé Líjàdù ti kú ní New York láti 2019. Àwọn yòókù kò ní dúró dè wá.

Mo bi Bàbá nípa àwo tiwọn lórí aago. Wọ́n kọ́kọ́ bínú, wọ́n ní kí ló kàn mí. Nígbà tó yá, wọ́n lọ wo abẹ́ ibùsùn, wọ́n sì tún pè mí. Wọ́n ní ó ku mẹ́tàdínlógún, pé ikán ti jẹ páálí méjì, ṣùgbọ́n àwo inú wọn kò ṣe nǹkan kan. Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ń bọ̀ ni wọn yóò kó wọn wá. Ọmọ mi ti ń wá ẹni tí yóò yá wa ní gíramafóònù ní gbogbo Bódìjà. Bí ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀yin òǹkàwé bá ní èyí tó ṣì ń yí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi.